Oje, Iná àti Ihò: Ìtàn Táyà Jíjò láti Inú Igbó Iré dé Ojú Ọ̀nà Ìnísà

Ẹni tí ó bá ń ti Òṣogbo lọ sí Ọ̀fà yóò la Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù kọjá. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan ni yóò ti rí àmì kan náà ní ẹ̀bá ọ̀nà: ògbólógbòó táyà tí a gbé ró tàbí tí a so kọ́ igi, ọpọ́n omi kan, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́, àti ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú fún iṣẹ́. Fọkanáísà ni ọkùnrin náà. Táyà tí ó gbé ró ni pátákó rẹ̀, kò sì sí ẹni tí í bi í léèrè irú iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Bí ìṣó bá gún táyà ọlọ́kadà kan ní ọ̀nà oko, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò ti alùpùpù rẹ̀ wá, ì báà ṣe nínú oòrùn, ì báà ṣe nínú òjò.

Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwa yìí, ohun mìíràn ti dé ọjà. Oje kan ni, inú ike tàbí agolo ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú táyà ni a ó ti dà á sí i, a ó sì máa gun alùpùpù wa lọ. Bí ìṣó bá gún táyà náà, oje yìí yóò sáré dí ihò rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tó jò tán. Àwọn tí ń tà á a máa polówó rẹ̀ bí ẹni pé ẹni tí ó bá ti rà á kò tún ní ohun tí yóò fi fọkanáísà ṣe mọ́. Ǹjẹ́ òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí? Bí kì í bá sì í ṣe òótọ́, kí ni iṣẹ́ tí oje náà lè ṣe, kí sì ni èyí tí kò lè ṣe?

Kò sí bí a ṣe lè dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí bí ó ti yẹ bí a kò bá mọ ìtàn tí ó wà lẹ́yìn ohun mẹ́ta: oje, iná àti ihò. Nígbà tí a bá tọ ìtàn náà dé ìdí, a ó rí i pé oje tí a ń rà nínú ike lónìí kì í ṣe àlejò pátápátá sí ilẹ̀ Yorùbá, nítorí pé láti inú igbó wa ni ìbátan rẹ̀ ti ṣàn lọ sí òkè òkun ní nǹkan bí 130 ọdún sẹ́yìn. A ó sì rí i pé nínú gbogbo òwò rọ́bà tí ó gba ọwọ́ wa kọjá, ìmọ̀ fọkanáísà ni ó dúró tì wá jù lọ. Nítorí náà, kò yẹ kí á jẹ́ kí ó lọ láìbìkítà.

Orúkọ tí a ń pè láìbéèrè ìtumọ̀ rẹ̀

Ọ̀rọ̀ àyálò ni “fọkanáísà” nínú èdè wa. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti yá a, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá sì fà á yọ láti inú orúkọ òrìṣà kan. Vulcan ni òrìṣà náà, ẹni tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbà pé ó ni iná, tí ó sì jẹ́ olórí fún gbogbo alágbẹ̀dẹ. William Brockedon, ọ̀rẹ́ Thomas Hancock oníṣẹ́ rọ́bà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó dá orúkọ náà lábàá nígbà tí wọ́n ń wá ohun tí wọn yóò máa pe iṣẹ́ fífi iná sọ rọ́bà di alágbára. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni ó jókòó tì wọ́n ní ọjọ́ náà, mo lérò pé Ògún ni ì bá dárúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ àti àwọn alágbẹ̀dẹ wa ni Ògún jẹ́ ààbò fún láti ìgbà pípẹ́. Fọkanáísà tí ó kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sára pátákó kò sì mọ̀ pé orúkọ òrìṣà alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ mìíràn ni òun kọ síbẹ̀.

Kí ni ó gbé iná wọ inú ọ̀rọ̀ rọ́bà? Oje igi ni rọ́bà. Kí ó tó di ọdún 1839, àwọn ènìyàn ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń fi oje yìí ṣe bàtà àti aṣọ òjò, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní ìgbà ooru, a máa rọ̀, a máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, a sì máa rùn. Ní ìgbà òtútù, a máa gan, a sì máa là. Charles Goodyear, ará Amẹ́ríkà kan tí òun àti gbèsè kì í yara wọn, ni ó rí ojútùú ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 1839. Ó po oje rọ́bà pọ̀ mọ́ imí-ọjọ́, iná sì kàn án; dípò kí ó yọ́, ṣe ni ó le bí awọ, tí ó sì ń nà tí ó ń sún kì. Ní ọdún 1844 ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí iṣẹ́ náà ní Amẹ́ríkà. Hancock sì gba irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò kan náà.

Ohun tí iná àti imí-ọjọ́ ń ṣe kò ṣòro láti yé wa. Oje rọ́bà dàbí ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwú gígùn tí a dà jọ láìso wọ́n pọ̀: bí a bá fà wọ́n, wọn yóò yọ́ kúrò lára wọn. Imí-ọjọ́ ni ó ń ta wọ́n ní kókó láàárín, títí wọn yóò fi di bí àwọ̀n apẹja. Àwọ̀n a máa nà, ṣùgbọ́n kì í tú. Iná ni ó ń mú kí kókó náà ta. Bí kò bá sí iná, oje yóò wà ní oje ni.

Goodyear kò jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀. Gbèsè ni ó wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí ó kú ní ọdún 1860. Ilé iṣẹ́ ńlá tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí táyà títí di òní kì í ṣe tirẹ̀, kì í sì í ṣe ti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọdún 1898 ni àwọn ẹlòmíràn dá a sílẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é láti bu ọlá fún un.

Bí ihò ṣe wọ inú ìtàn

Nígbà tí rọ́bà ti gba iná, ó kù kí ó gba afẹ́fẹ́. Ọmọ ilẹ̀ Scotland kan, Robert William Thomson, ni ó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí kẹ̀kẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rọ́bà rẹ̀, ní ọdún 1845. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà ni ó wà nígbà náà, àwọn ènìyàn kò sì rí ìdí tí wọn yóò fi náwó lé e. Ọ̀rọ̀ náà di ìgbàgbé. Ọdún 43 kọjá kí John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan tí ó ń gbé Belfast, tó tún dá ọgbọ́n náà ní ọdún 1888, nítorí kí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀ lè máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà yìí gan-an ni ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ ológeere ń gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Bí àwọn ènìyàn ti gbọ́ nípa táyà oníafẹ́fẹ́ ni wọ́n ń dù ú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a tú ìwé Thomson jáde, tí ìwé àṣẹ Dunlop kò fi lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òwò ti bẹ̀rẹ̀.

Rọ́bà líle tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ a máa gbo ni lára, ṣùgbọ́n ìṣó kò rí i ṣe. Táyà oníafẹ́fẹ́ tuni lára, ṣùgbọ́n ìṣó kékeré kan lè sọ ọ́ di asán. Ihò bá afẹ́fẹ́ wọ ilé ni. Ní àkọ́kọ́, ńṣe ni wọ́n ń lẹ táyà mọ́ irin kẹ̀kẹ́. Bí ó bá jò, ọ̀pọ̀ wákàtí ni wọn yóò fi ṣí i, tí wọn yóò fi lẹ̀ ẹ́, tí wọn yóò sì tún dúró kí ó gbẹ. Ìyọnu yìí ni ó ta àwọn ará Michelin méjì jí, Édouard àti André, ní Clermont-Ferrand ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọdún 1891 wọ́n ṣe táyà tí a lè yọ kúrò lára irin, tí a sì lè tún ihò rẹ̀ ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọdún náà gan-an ni Charles Terront fi táyà wọn gba ipò kìíní nínú ìdíje kẹ̀kẹ́ láti Paris dé Brest àti àbọ̀, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Ó yẹ kí á fi èyí sí ọkàn: kì í ṣe nítorí pé táyà Michelin kò lè jò ni ó fi borí, bí kò ṣe nítorí pé ó rọrùn láti tún ṣe bí ó bá jò. Ẹni tí ó mọ àtúnṣe ihò ni ó ni ọ̀nà.

Igbó iré

Nibo ni oje tí wọ́n fi ń ṣe gbogbo táyà wọ̀nyí ti ń wá? Henry Wickham ti kó èso igi rọ́bà ilẹ̀ Brazil, tí ó tó nǹkan bí 70,000, wá sí London ní ọdún 1876, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbé irúgbìn rẹ̀ lọ sí ìhà ìlà oòrùn Éṣíà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìfẹ́ kẹ̀kẹ́ gòkè ní àárín ọdún 1890 sí 1899, oko rọ́bà Éṣíà kò tíì gbó. Igbó ni a ní láti wọ̀, igbó ilẹ̀ Áfíríkà sì wà lára èyí tí ojú gbogbo ayé yí sí.

Igi kan wà nínú igbó wa tí à ń pè ní iré. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n, wọ́n sì mọ̀ pé ó ní oje funfun. Ọgbọ́n oje igi kò ṣàjèjì sí ẹni tí ń fi àtè mú ẹyẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń kó oje iré lọ tà ní òkè òkun. Ní ọdún 1894 ni àwọn ará Gold Coast, tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà ní ìlú wọn, dé Èkó tí wọ́n sì wọ igbó lọ. Àwọn ènìyàn wa kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn kíákíá. Ní ọdún 1895 péré, rọ́bà tí ó kọjá láti Èkó lọ sí òkè òkun lé ní mílíọ̀nù 5 pọ́n-ùn ní ìwọ̀n, owó rẹ̀ sì lé ní £260,000. Ìbàdàn di ojúkò òwò náà. Tọmọdé tàgbà ń wọ igbó lọ.

Ìgbà náà kò pẹ́. Dípò kí wọ́n máa ta igi náà ní ẹ̀sọ̀, kí ó lè sinmi kí ó sì tún ṣe oje, wọ́n ń ṣá a yí po láti ìdí dé òkè, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gé e lulẹ̀. Igi ń kú lọ rẹpẹtẹ. Àwọn aláṣẹ gbìyànjú láti dá iṣẹ́ náà dúró níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò tó o mọ́. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, igbó iré ti run púpọ̀, òwò náà sì ti wọmi. Ní Congo, tí ó wà lábẹ́ Ọba Leopold ti ilẹ̀ Belgium, ọ̀ràn náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni ó bá oje ṣàn, gẹ́gẹ́ bí ìwé tí Roger Casement kọ ní ọdún 1904 ti fi han gbogbo ayé; ní ọdún 1908 ni wọ́n gba ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ ọba yìí. Ní tiwa, igi ni ó kú. Ṣùgbọ́n nínú méjèèjì, oje ni ó lọ, ìmọ̀ sísọ ọ́ di táyà kò bá a padà wá.

Lẹ́yìn èyí, ọkàn ayé kúrò lára iré, ó lọ sí oko rọ́bà ilẹ̀ Malaya. Nígbà tí àwọn ará Japan gba Malaya àti Singapore ní ọdún 1942, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tún rántí igbó wa, wọ́n sì rọ àwọn ènìyàn láti tún máa ta igi fún ogun. Lẹ́yìn òmìnira, ó dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ yóò yí padà. Ibùdó ìwádìí rọ́bà bẹ̀rẹ̀ ní Iyanomo nítòsí Ìlú Benin ní ọdún 1961, ilé iṣẹ́ Dunlop ní Ìkejà àti ti Michelin ní Port Harcourt sì ń ṣe táyà ní ilẹ̀ wa láti àárín ọdún 1960 sí 1969. Michelin dá iṣẹ́ táyà ṣíṣe dúró ní ọdún 2007, Dunlop sì tẹ̀lé e ní òpin ọdún 2008. Lẹ́yìn wọn, táyà tí ó wá láti òkè òkun, pàápàá láti Íńdíà àti Ṣáínà, ni ó gba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ alùpùpù wa.

Láti ojú irin dé ẹ̀yìn ọ̀kadà

Ní Ìnísà àti agbègbè rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin ni ó kọ́kọ́ yí ìrìnàjò padà. Ó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ó fi gba ìhà Ìkìrun àti Òkukù lọ sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í yà sí oko. Láti ìdí ọkọ̀ títí dé abà, ẹsẹ̀ àti orí ni a fi ń ru ẹrù títí kẹ̀kẹ́ ológeere fi dé. Àwọn olùkọ́, àwọn ajíhìnrere, àwọn ọlọ́pàá àti àwọn tí ń ra kòkó ni a kọ́kọ́ mọ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, kí ó tó di ti gbogbo àgbẹ̀ tí owó rẹ̀ ká a. Ẹni tí ó ní kẹ̀kẹ́ a máa ní agolo kékeré kan nínú àpò ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀: ègé rọ́bà, sọlúṣọ̀n tí a fi ń lẹ̀ ẹ́, àti ohun tí a fi ń ha ojú túùbù. Fọkanáísà ara rẹ̀ ni.

Alùpùpù dé lẹ́yìn èyí. Honda bẹ̀rẹ̀ sí ta Super Cub rẹ̀ ní Japan ní ọdún 1958, irú àwọn alùpùpù kékeré bẹ́ẹ̀ sì tàn ká ilẹ̀ wa. Nígbà tí ìjọba san owó Udoji fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ọdún 1975, alùpùpù wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi owó náà rà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọdún 1986, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé mú kí owó náírà já, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ọ̀wọ́n, tí iṣẹ́ sì wọ́n, ni alùpùpù di ọkọ̀ èrò ní gbangba. Orúkọ tí a fún un jẹ́ ẹ̀fẹ̀: Okada Air ni ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó fi orúkọ ìlú Okada pè. Nítorí pé alùpùpù náà ń yára gbé ènìyàn kọjá láàárín ọkọ̀ tí ó há, àwọn ènìyàn sọ ọ́ ní ọ̀kadà.

Ní Èkó, ìjọba fi òfin lé ọ̀kadà kúrò ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà ní ọdún 2012, 2020 àti 2022. Irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò bá ti Ìnísà mu. Ọ̀nà oko kò gba ọkọ̀ ńlá. Ọ̀kadà ni ó ń gbé iṣu àti obì bọ̀ wálé, òun ni ó ń gbé olùkọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ abà, òun náà ni ó sì ń gbé aboyún tí ọmọ mú ní òru. Ohun tí ń gún táyà sì pọ̀ lójú ọ̀nà náà: ìṣó tí ó bọ́ lára pákó, ẹ̀gún, òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó, àti wáyà tín-ín-rín tí ń kù sílẹ̀ níbi tí a bá ti dáná sun táyà. Àwọn kan a máa sọ pé àwọn fọkanáísà ni ń da ìṣó sójú ọ̀nà kí wọ́n lè rí iṣẹ́ ṣe. Bí ẹni burúkú kan bá ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò yẹ kí á fi ìyẹn ba gbogbo wọn lórúkọ jẹ́; ojú ọ̀nà wa ní ìṣó tó, kò dúró de ẹni tí yóò da òmíràn sí i.

Iṣẹ́ ọwọ́ fọkanáísà

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo fọkanáísà níbi iṣẹ́ yóò rí i pé iṣẹ́ òye ni. Irin pẹlẹbẹ méjì ni ó fi ń tú ẹnu táyà kúrò lára irin kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ìṣọ́ra kí irin náà má tún gún túùbù. Yóò fa túùbù yọ, yóò fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, yóò sì rì í sínú ọpọ́n omi díẹ̀díẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń hó púkúpúkú ni ihò wà, yóò sì fi àmì sí i. Kò ní tíì ṣe tán. Yóò fi ọwọ́ wá inú táyà yí ká, nítorí pé bí ó bá lẹ túùbù tí kò sì yọ ìṣó, òwúrọ̀ ọ̀la ni ẹni náà yóò padà wá.

Ọ̀nà méjì ni ó fi ń dí ihò. Ní ọ̀nà kìíní, yóò ha ojú ihò náà títí yóò fi le, yóò fi sọlúṣọ̀n pa á, yóò ní sùúrù kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, yóò sì lẹ ègé rọ́bà mọ́ ọn. Ọ̀nà kejì ni ti iná, ibẹ̀ ni orúkọ iṣẹ́ náà sì ti jáde. Rọ́bà tútù tí kò tíì jinná ni yóò gbé lé ojú ihò, yóò sì fi irin dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó ń fi písítìnì inú ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó ṣe irin yìí: inú ihò písítìnì náà ni wọn yóò bu epo díẹ̀ sí, tí wọn yóò sì ṣáná sí i. Iná jó níwọ̀n, rọ́bà jinná, ègé àti túùbù di ara kan náà. Kò sí gééjì tí ó ń sọ iye ooru fún un. Ojú, ìmú àti ìrírí ni ó fi ń mọ̀ ọ́n. Bí iná bá pọ̀ jù, túùbù yóò jóná. Bí ó bá kéré jù, ègé yóò ṣí. Ohun tí Goodyear rí ní ọdún 1839 gan-an ni ó ń ṣe lábẹ́ igi ní ẹ̀bá ọ̀nà Ìnísà, pẹ̀lú irin tí ẹlòmíràn ti sọ nù.

Oje inú ike

Ẹ wá jẹ́ kí á padà sórí oje ìdíhò. Oríṣiríṣi ni ó wà. Àwọn kan jẹ́ omi tí ó ki, tí a po fọ́nrán wẹ́wẹ́ àti ẹyọ rọ́bà lílọ̀ mọ́. Àwọn mìíràn jẹ́ oje igi rọ́bà fúnra rẹ̀, tí a fi èròjà kan sí kí ó má baà tètè dì. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń yí, oje náà yóò tẹ̀ mọ́ inú táyà yí ká. Bí ìṣó bá gún un, afẹ́fẹ́ tí ń sáré jáde ni yóò ti oje náà sínú ihò. Fọ́nrán rẹ̀ yóò há síbẹ̀ bí koríko ti ń há sí ẹnu ojú àgbàrá, ihò yóò sì dí. Ọgbọ́n rere ni, ó sì wúlò. Ẹni tí táyà rẹ̀ jò ní agogo 10 òru láàárín abà àti Ìnísà, tí ó gbé aláìsàn sẹ́yìn, kò ní ìgbà láti wá fọkanáísà. Bí oje yìí bá gbé e dé ilé ìwòsàn, owó rẹ̀ kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n ààlà rẹ̀ wà. Ihò kékeré tí ìṣó ṣe sí àárín ibi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n dí. Bí táyà bá ya ní ẹ̀gbẹ́, tàbí tí ìdí ẹnu túùbù bá fà ya, kò sí ohun tí ó lè ṣe sí i. Ó sì dára fún táyà tí kò ní túùbù ju èyí tí ó ní lọ. Rọ́bà táyà nípọn, a máa fún ìṣó mọ́ra; ṣùgbọ́n túùbù fẹ́lẹ́, bí afẹ́fẹ́ ti ń wú u ni ihò rẹ̀ ń ṣí sí i. Ọ̀pọ̀ ọ̀kadà wa tí kẹ̀kẹ́ wọn jẹ́ onísípókì sì jẹ́ onítúùbù. Bí ìṣó bá sì wà níbẹ̀ tí ẹni tí ó ń gùn ún kò mọ̀, yóò máa lọ yóò máa bọ̀ nínú túùbù títí ihò kékeré yóò fi di yíya ńlá. Táyà tí ó jò ní pẹ̀lẹ́ a máa kìlọ̀ fún ni. Èyí tí ó bẹ́ lójijì nígbà tí èrò méjì wà lẹ́yìn kì í kìlọ̀. Ooru ilẹ̀ wa pẹ̀lú a máa gbẹ irú oje bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, èyí tí a gbójú lé lè ti di èépá lásán nínú táyà.

Ewu kan tún wà tí ó kan fọkanáísà fúnra rẹ̀. Bí oje bá ti wà nínú túùbù, sọlúṣọ̀n kò ní mú dáradára àfi bí a bá fọ ojú rẹ̀ tí a sì nù ún gbẹ. Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí a rọ sínú agolo pẹ̀lú gáàsì tí ń tì wọ́n jáde: nínú àwọn kan nínú wọn, gáàsì tí iná lè ràn ni wọ́n lò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti iná kò gbọdọ̀ ṣàìmọ̀ pé irú gáàsì bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ó gbé síwájú. Nítorí náà, ọlọ́kadà tí ó bá ti da oje sínú táyà rẹ̀ jẹ fọkanáísà ní gbèsè ọ̀rọ̀ kan: kí ó sọ fún un kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Ohun tí ó yẹ kí á ṣe

Ìdáhùn ìbéèrè wa ti hàn. Oje ìdíhò kì í ṣe ọ̀tá fọkanáísà, kò sì lè gba ipò rẹ̀. Oje a máa dí ihò fún ìgbà díẹ̀. Iná ni ó ń so rọ́bà pọ̀ mọ́ rọ́bà. Èkíní wà fún ìrìn tí a wà lórí rẹ̀, èkejì wà fún gbogbo ìrìn tí ó kù. Ẹni tí ó bá lo oje láti dé ilé, tí ó sì lọ sí ọ̀dọ̀ fọkanáísà ní ọjọ́ kejì kí ó yọ ìṣó, kí ó fọ túùbù, kí ó sì lẹ̀ ẹ́, ó lo méjèèjì bí ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kù fún àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ti èdè àti ti ìtàn. Nígbà tí igbó iré ń run, kò sí ẹni tí ó jókòó kọ orúkọ ọ̀nà tí àwọn ènìyàn wa fi ń ta igi, tàbí bí wọ́n ṣe ń se oje rẹ̀, ní èdè wa. Inú ìwé àwọn òyìnbó ni a ti ń ka púpọ̀ nínú rẹ̀ lónìí. Kò yẹ kí irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́ fọkanáísà. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn pọ̀, àwọn kan jẹ́ àyálò, àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí wọ́n dá fúnra wọn. Bí wọ́n ṣe ń gba ọmọ iṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń fún un ní òmìnira, àti bí wọ́n ṣe ń fi ojú mọ iná tí ó tó, gbogbo rẹ̀ ni ó yẹ ní kíkọ sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé rẹ̀ wà ní Ìkìrun, Ìnísà tàbí Òkukù kò ní láti wọ ọkọ̀ òfuurufú kí ó tó rí ohun tí yóò ṣe ìwádìí lé lórí. Kí ó mú ìwé àti kálámù, kí ó kí fọkanáísà ìtòsí rẹ̀ bí ọmọlúàbí, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ irin kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú àpótí rẹ̀.